Hilux tó ru irin: mélòó ló yẹ kó wà nínú táyà ẹ̀?

Ẹni tó bá ti gbé jíìpù dé ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà rí nílẹ̀ yìí mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Tatí-fáìfù ni, ìyẹn atẹ́gùn psi 35 (psi ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí atẹ́gùn inú táyà ṣe le tó). Corolla, tatí-fáìfù, Prado, tatí-fáìfù, bọ́ọ̀sì tó ń kó ẹja bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ náà, tatí-fáìfù, iwájú àti ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀ pátá. Tí ẹ bá ní ẹ ń rìnrìn àjò, wọ́n á ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká fún un ní fọ́tì. Mi ò bá wọn jà o, torí Corolla ò ní fi tatí-fáìfù kú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ti de irin mọ́ níwájú, de irin mọ́ lórí, de irin mọ́ lẹ́yìn, kì í ṣe ọkọ̀ tí Toyota kó jáde mọ́, nọ́ńbà tí Toyota fún un ò lè bá a mu bó ṣe wà mọ́, tatí-fáìfù tí wọ́n ń pín fún gbogbo ayé náà ò sì mọ ohun tó rù.

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe, Ìbàdàn ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Òkè-Ògùn ni iṣẹ́ máa ń gbé wa lọ jù, Ìṣẹ́yìn, Òkéhò, Ṣakí, àtàwọn abúlé ẹ̀yìn wọn tí iná ìjọba ò tíì dé. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin la fi ń ṣiṣẹ́. Kí á tó gbé ẹrù kankan sínú ẹ̀ rárá, bọ́ḿpà irin ńlá wà níwájú ẹ̀ (ẹni tó bá ti pàdé màálù lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lálẹ́ mọ ìdí tí a fi rà á), wínṣì wà nínú bọ́ḿpà yẹn, kàríà irin wà lórí, àpótí irinṣẹ́ tí wẹ́dà jó fún wa wà lẹ́yìn kábìn, irin tí a fi ń fa tírélà kékeré wà nídìí pátápátá. Ẹrù á wá, ẹrù á lọ, àwọn wọ̀nyí ò lọ síbì kankan, tọ̀sán tòru táyà ló ń gbé wọn, yálà ẹ ń lọ sí Ṣakí ni o tàbí ẹ kàn ń lọ ra búrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe wúwo tó. Bọ́ḿpà irin gidi máa ń wọn nǹkan bíi 60 sí 80 kílò, wínṣì pẹ̀lú wáyà irin ẹ̀ á tó 30 sí 40, kàríà irin náà lè tó 40 sí 50 kí ẹ tó gbé àkàbà lé e. Omi rọrùn láti ṣírò, lítà kan kílò kan ni, díísù fúyẹ́ ju omi lọ díẹ̀, bíi 0.84 kílò ní lítà kan, táǹkì lítà 80 tó bá kún á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 67 kílò. Bátìrì tubular 200Ah kan, ẹyọ kan o, ó ń lọ sí bíi 60 kílò, ó ju àpò sìmẹ́ńtì lọ, ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa gbé e gun àtẹ̀gùn rí ẹ mọ̀. Tí oníbàárà bá wá ń fẹ́ ìlà iná 48V, mẹ́rin la máa gbé lọ, 240 kílò nìyẹn lójú kan, kí ẹ tó ka ìnfátà, wáyà, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì àti ẹ̀wà tí wọ́n jẹ láàárọ̀.

Ibi tí nǹkan dé sí nìyí: kì í ṣe bó ṣe wúwo nìkan ló ṣe pàtàkì, ibi tó wà lára ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. Bọ́ḿpà ò jókòó lórí táyà iwájú, ó yọ síwájú ẹ̀. Jáńgírọ́fà tí àwọn ọmọdé ń gùn ni ẹ fi wò ó, ẹsẹ̀ iwájú ni ààrin jáńgírọ́fà, tí irin bá tẹ iwájú mọ́lẹ̀, ṣe ló ń gbé ẹ̀yìn sókè díẹ̀. Láti táyà iwájú Hilux dé táyà ẹ̀yìn jẹ́ 3,085 mìlímítà. Tí bọ́ḿpà àti wínṣì bá jẹ́ 105 kílò, tí wọ́n sì wà ní nǹkan bíi mítà kan síwájú ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ iwájú ò ní gbé 105, á gbé bíi 139, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì fi bíi 34 fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ohunkóhun tí ẹ bá fi kọ́ sí ìdí ọkọ̀, sípíà kejì, kẹ́ẹ̀gì díísù, àkàbà, ẹ̀yìn á gbé ju ìwọ̀n ẹ̀ lọ, iwájú á fúyẹ́, sítíàrìn á wá máa ṣe bíi pé kò mú ilẹ̀ dáadáa. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹni tó ń fún iwájú àti ẹ̀yìn ní iye kan náà nígbà gbogbo, àfi kó jẹ́ pé orí ló bá a ṣe é.

Níbo wá ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀? Lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ ṣí i, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn máa ń gbá mọ́, bébà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ sáìsì táyà àti iye atẹ́gùn sí, kPa tàbí psi tàbí bar. Tó bá jẹ́ kPa, 100 kPa jẹ́ psi 14.5, bar kan náà sì jẹ́ 14.5. Lára tiwa, 265/65R17 ni sáìsì, 200 kPa ni wọ́n kọ, ìyẹn 29 psi. Nọ́ńbà yẹn ni ìpìlẹ̀, ọkọ̀ bó ṣe jáde ló wà fún, kò mọ̀ pé wẹ́dà kan wà ní Bódìjà tó máa jó irin mọ́ ọn lára. Torí náà orí ẹ̀ la ti máa gòkè, a kì í wá sísàlẹ̀ ẹ̀ lójú ọ̀dà.

Ohun tí a ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Mo ti rí dírẹ́bà tó tẹjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, ó rí MAX 51 PSI, ó ní "wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ kẹ̀, ẹ fún un ní fifty." Òpin ibi tí táyà yẹn lè gbà dé nìyẹn, kì í ṣe iye tí wọ́n ní kí ẹ fi rìn. Ohun tó wúlò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni nọ́ńbà tó tẹ̀ lé sáìsì, bíi 112S. 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 1,120 kílò, 116 jẹ́ 1,250, 121 jẹ́ 1,450, S sì ni eré tó lè sá, kílómítà 180 ní wákàtí kan. Ẹ wá ṣọ́ra o, 1,120 yẹn, ìgbà tí atẹ́gùn bá pé débi tó yẹ ló lè gbé e. Atẹ́gùn ló ń gbé ẹrù, rọ́bà kàn ń dì í mú ni. Tó bá jẹ́ 26 ló wà nínú ẹ̀, ẹ má ṣe rò pé 1,120 ẹ ṣì wà níbẹ̀.

Ká mọ iye tí ọkọ̀ ń gbé gan-an, kò sí ọ̀nà àbùjá, ẹ gbé e lọ sórí ìwọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ń wọn tírélà, àwọn kọ́árì, àwọn tó ń ra irin àlòkù, ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun, wọ́n ní wéébíríìjì. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ fún wọn ní owó omi, wọ́n á jẹ́ kí ẹ gùn ún nígbà tí tírélà ò bá pọ̀ lórí ìlà. Ẹ kó gbogbo ẹrù tí ẹ máa ń kó lọ síbi iṣẹ́ sínú ẹ̀, ẹ rọ epo kún, àwọn tó máa ń bá yín rìn kí wọ́n jókòó. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú nìkan gùn ún, wọ́n á ka iye, ẹ gbé gbogbo ọkọ̀ gùn ún, wọ́n á kà á, ẹ wá jẹ́ kí iwájú sọ̀ kalẹ̀ kó ku ẹ̀yìn nìkan. Tiwa pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin, iwájú 1,340, ẹ̀yìn 1,560, gbogbo ẹ̀ 2,900. Tí kò bá sí ẹrù, tó ku àwọn irin tí a dè mọ́ ọn nìkan, iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, ẹ̀yìn ló já wálẹ̀ sí bíi 1,140. Ẹ rí i? Kílò irínwó lé ní ogún ló ń wá tó ń lọ lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, iwájú wà bó ṣe wà. Ìyẹn nìkan ti sọ fún yín pé nọ́ńbà iwájú lè dúró lójú kan, nọ́ńbà ẹ̀yìn ni ẹ ó máa sún sókè sún sísàlẹ̀.

Ẹ tún fi iye yẹn wé èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá, ti iwájú lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, àti ti gbogbo ẹ̀ lápapọ̀. Tó bá ti kọjá, ẹ má wulẹ̀ wá fọ́kanáísà, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Síprìǹgì, bíréèkì, ríìmù, béárìn, kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ táyà le.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ táyà tútù, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ sí torí ibẹ̀ ni gbogbo ìṣírò ti máa ń dàrú. Gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ilẹ̀kùn, ti táyà tútù ni. Táyà tútù ni táyà tó ti wà lójú kan fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, tí oòrùn ò tíì ta sí. Àárọ̀ kùtùkùtù nínú ọgbà yín nìyẹn, kì í ṣe ọ̀sán gangan lọ́dọ̀ fọ́kanáísà lẹ́yìn tí ẹ ti wa ọkọ̀ láti Challenge dé Mọ́níyà nínú gosìló. Atẹ́gùn máa ń wú tó bá gbóná, tí ìwọ̀n gbígbóná bá fi 5.5 (ti Celsius) lọ sókè, á fi bíi psi kan kún un. Lásìkò ọyẹ́, àárọ̀ Ṣakí lè tutù dé bíi 18, ọ̀sán á lọ sí 34, láìtíì gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan psi bíi mẹ́ta ti yí padà. Torí náà tí ẹ bá lọ fẹ́ táyà tó ti gbóná dé 33, tí inú yín dùn, ẹ wọn án láàárọ̀ ọjọ́ kejì, 29 lẹ máa bá níbẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ ní géèjì tiyín. Kò wọ́n. Ẹ wọn gbogbo ẹ̀ láàárọ̀ nílé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yìn ọ̀tún fi mẹ́rin dín, ẹ̀yìn òsì fi mẹ́ta dín. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà, ẹ má wo iye tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, torí ó ti gbóná, ẹ kàn ní kó fi mẹ́rin kún èyí tó wà níbẹ̀, kó fi mẹ́ta kún ìkejì. Bàbá kan wà ní oríta wa tí èmi àti wọn jọ máa ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, tatí-fáìfù àbí fọ́tì?" Màá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mẹ́rin kún ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ má fọwọ́ kan iwájú." "Ẹ̀yìn nìkan kẹ̀? Ọkọ̀ ò ní máa dorí kodò?" "Rárá o Bàbá, ẹ̀yìn lẹrù wà." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọ́ rọ́bà wọn wá, ẹ̀rọ á máa ké kàkàkà lábẹ́ igi, tí wọ́n bá yọ ọ́ tán wọ́n á fi ìka kó itọ́ díẹ̀ sí ẹnu fáàfù, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn bóyá á hó. Kò hó, ó ti dáa nìyẹn, wọ́n á wé ọmọrí ẹ̀ padà. Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá yẹn péye, mi ò lè bá wọn du ọ̀rọ̀ táyà lílẹ̀. Géèjì wọn ni mi ò gbà gbọ́, gíláàsì ojú ẹ̀ ti fọ́, abẹ́rẹ́ ẹ̀ kì í padà sí òdo mọ́, ó fi bíi mẹ́rin yàtọ̀ sí tèmi, psi mẹ́rin sì ni gbogbo ohun tí a ń jà lé lórí látàárọ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé nọ́ńbà tí òun mú bá ẹrù mu? Àwọn ará Australia tó ń fi jíìpù rin inú aṣálẹ̀ pẹ̀lú irin lára ọkọ̀ bíi tiwa ní ìlànà kan tí wọ́n fẹ́ràn, mo sì ti ń lò ó, ó ń bá mi ṣe. Ẹ wọn táyà ní tútù, ẹ gbé ẹrù, ẹ wà á fún bíi wákàtí kan lójú ọ̀dà ní eré tó dúró sójú kan, ẹ yà sí ibi tí kò léwu, ẹ tún un wọn lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kó ti fi bíi psi mẹ́rin lọ sókè. Tó bá ju mẹ́rin lọ dáadáa, atẹ́gùn tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kéré fún ẹrù yẹn, ẹ̀gbẹ́ táyà ń tẹ̀ jù, títẹ̀ yẹn ló ń dáná sí i. Tí kò bá tó mẹ́rin, ẹ ti fẹ́ ẹ jù. Táyà LT, ìyẹn táyà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké, tí ẹ̀gbẹ́ táyà náà nípọn, mẹ́fà ni wọ́n fi ń wò ó. Láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ dára fún irú ẹ̀ tí ọ̀nà bá já gaara. Pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin lẹ́yìn, 30 ní tútù di 37 kí a tó wọ Ọ̀yọ́, iwájú tí a fún ní 33 di 37. Iwájú ti tọ́, ẹ̀yìn kò tọ́. Nígbà tí a fún ẹ̀yìn ní 37 láàárọ̀, ó gun 41, ó dúró síbẹ̀. Ẹ kàn rántí pé tó bá jẹ́ ọ̀sán ni ẹ ń lọ sókè yẹn, oòrùn á máa ta sí táyà apá òsì, á fi psi kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju tọ̀tún lọ, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Ìlànà ni o, kì í ṣe òfin Mósè. Ẹ lè fi ṣọ́ọ̀kì tún un wò: ẹ fa ìlà ṣọ́ọ̀kì nípọn láti etí táyà dé etí kejì, ẹ wa ọkọ̀ tààrà lórí ọ̀dà tó tẹ́jú fún ìwọ̀nba díẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Tó bá jẹ́ ààrin ló kọ́kọ́ pa rẹ́, atẹ́gùn ti pọ̀ jù, tó bá jẹ́ etí méjèèjì, ó ti kéré jù. Oṣù mélòó kan lójú ọ̀nà máa sọ ohun kan náà fún yín lára eyín táyà, ṣùgbọ́n owó yín ló máa fi sọ ọ́.

Nọ́ńbà tí mò ń lò wá nìyí, fún ọkọ̀ wa àti táyà wa, ẹ má gbé e lé ọkọ̀ tiyín láìwọn án: tí kò bá sí ẹrù, 32 síwájú, 30 sẹ́yìn, tí ẹrù bá pé, 33 síwájú, 37 sẹ́yìn. Ẹ ríi pé tó bá ṣófo iwájú ló ga ju ẹ̀yìn lọ, bọ́ḿpà ló fà á. Ẹni tó bá sì fi 37 sílẹ̀ lẹ́yìn lẹ́yìn tó ti já ẹrù tán, ìdí ọkọ̀ ẹ̀ á máa fò lórí gbogbo kòtò, tí òjò bá sì rọ̀ ẹ̀yìn á fẹ́ yọ̀ lọ.

Àwọn kan á sọ pé táwọn bá ti ra táyà ńlá onípílàì mẹ́wàá, àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣírò nìyẹn. Ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ni ìṣírò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Táyà LT ń fẹ́ atẹ́gùn ju táyà lásán lọ kó tó lè gbé ẹrù kan náà. Ẹ wo sáìsì 265/70R17: P265/70R17 (P ni táyà lásán) tó jẹ́ 113 ń gbé 1,150 kílò pẹ̀lú 35 psi, LT265/70R17 load range C (ìpele agbára táyà nìyẹn) tó jẹ́ 112 ń fẹ́ 50 psi kó tó gbé 1,120. Ẹ fún LT ní 30 tí ẹ ń fún táyà àtijọ́, ojú ò ní rí i torí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le, á dúró gírí bíi pé kò sí nǹkan, inú lọ́hùn-ún ló ti ń gbóná. Fífi ẹsẹ̀ gbá táyà tàbí fífi irin lù ú láti mọ̀ bóyá ó ní atẹ́gùn, lórí táyà bẹ́ẹ̀ ẹ kàn ń jó fún ara yín wò ni.

Gbígbóná yẹn ló ń pa táyà. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí ọ̀rọ̀ Ford Explorer àti Firestone ní Amẹ́ríkà. 26 psi ni Ford ní kí wọ́n máa lò, Firestone wá ní 30 ló yẹ, ojú táyà ń ṣí kúrò lára ẹ̀ lórí eré nínú oòrùn àwọn ìpínlẹ̀ ìsàlẹ̀, jíìpù ń takìtì, wọ́n dá táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà lóṣù kẹjọ ọdún 2000. Àbùkù wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe táyà náà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kékeré, ẹrù àti ooru dára pọ̀ mọ́ ọn. Òfin tó jáde lẹ́yìn ẹ̀ ló bí iná kékeré tó ń tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ wa, èyí tó dà bí ìkòkò tó ní àmì ìyanu nínú. Ẹni tó de irin mọ́ 4Runner tàbí Land Cruiser tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: òfin ibẹ̀ ò ní kí iná yẹn tàn títí atẹ́gùn á fi fi ìdá mẹ́rin kan sísàlẹ̀ iye tó wà lára ilẹ̀kùn. Tí ilẹ̀kùn bá ní 29, ó lè di 22 kó tó tàn. Ẹrù yín wá ń fẹ́ 37. Láti 37 dé 22, iná ò ní sọ̀rọ̀, ẹ ó sì máa sáré 120 lórí márosẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ohun kan tó ń bí mi nínú ni kí dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kó fọwọ́ kan táyà, kó ní "háà, ó ti gbóná, ẹ jẹ́ ká bọ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó má baà bẹ́." Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe táyà mọ̀ pé á gbóná, wọ́n ti ṣírò ẹ̀ mọ́ ọn. Tí ẹ bá bọ́ atẹ́gùn ẹ̀, á máa tẹ̀ sí i, tó bá tẹ̀ sí i á gbóná sí i, ohun tí ẹ ń sá fún gan-an lẹ ń lọ bá. Tó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dín eré kù tàbí kí ẹ sinmi, kó tutù fúnra ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nitrogen ò gba àkókò. Ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn tí à ń mí jẹ́ nitrogen tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá lówó ẹ̀ kó rà á, kò dí wíwọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ orí táyà ńkọ́? Michelin ti ti ilé iṣẹ́ wọn ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láti ìgbà náà inú kọ̀ntéínà ni táyà wa ń gbà wọlé, ó lè ti pẹ́ ní stóò kí ẹ tó rí i. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àkọlé DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà lẹ máa wò, 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ ní tiẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù ti fòfin de kíkó o wọlé, síbẹ̀ ẹ mọ̀ pé ó wà létí títì. Ọkọ̀ tó ru irin kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé táyà ẹlòmíràn sí, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Tí ọ̀dà bá tán, nǹkan yí padà. Ọ̀nà eruku pupa tó ti di gbágungbàgun lẹ́yìn Òkéhò, tí ẹ bá gbé 37 gùn ún, gbogbo nǹkan inú ọkọ̀ ló máa gbọ̀n, bóòtì kàríà á máa tú lọ́kọ̀ọ̀kan, pánẹ́ẹ̀lì lórí á máa lu ara wọn. Mo máa ń sọ ẹ̀yìn kalẹ̀ sí 30, iwájú sí 27, mi ò sì ní sáré ju 60 lọ, eré yẹn ṣe pàtàkì tó atẹ́gùn. Yanrìn odò tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló le jù. Níbẹ̀, 20 ni tí ẹrù bá wà, tí kò bá sí, 18. Táyà á tẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ á gùn lórí yanrìn, gígùn ló ń gùn ju kó fẹ̀ lọ, ìyẹn ló ń jẹ́ kó gun orí yanrìn dípò kó gbẹ́ ẹ. Àwọn tó ń ṣeré létí òkun lápá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí pẹ̀lú ọkọ̀ tó fúyẹ́ ń lọ sísàlẹ̀ 16, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ru irin, tí ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà lójijì pẹ̀lú 16, táyà lè yọ kúrò lára ríìmù, ta ló wá fẹ́ gbé jáàkì sórí yanrìn pẹ̀lú 2,900 kílò.

Ìdí nìyẹn tí pọ́ḿpù kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí. Bí ẹ bá ti padà sórí ọ̀dà, kí ẹ fẹ́ ẹ padà kí eré yín tó kọjá 40, kì í ṣe tí ẹ bá dé Ìṣẹ́yìn. Ẹ so ó mọ́ orí bátìrì tààrà, ẹ má fi sí ihò sìgá, fíúsì ihò yẹn ò lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́.

Sípíà tó wà lábẹ́ ọkọ̀, 40 lèmi máa ń fún un. Tí ìlò ẹ̀ bá dé níwájú, màá bọ́ ọ wálẹ̀ sí 33, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn, màá bọ́ mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí a bá ti fẹ́ wọn táyà mẹ́rin láàárọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi kan máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wọn òun náà, ó máa ń kùn, pàápàá tí ilẹ̀ bá tutù.